Kẹ̀kẹ́ Dúró, Ayàwòrán Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ kìíní: eruku ọ̀nà

Òkúta wẹ́wẹ́ ló bo ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó ku bíi kìlómítà 20 sí ìlú la tó bọ́ sórí ọ̀nà ọlọ́dà. Ẹ̀gún kan ti wọ táyà ẹ̀yìn lórí òkúta náà. A yọ ọ́, a lẹ tíúbù, a fẹ́ ẹ padà. Ẹni tó bá máa gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí ó dín afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kù díẹ̀ kí ó tó kúrò lórí ọ̀dà. Táyà tó bá le koko máa ń ta sókè lórí òkúta kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ àti ìdí ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀ lálẹ́.

Nítorí àwòrán la ṣe fẹ́ dúró níbí. Ayàwòrán kan ń gbé nítòsí ilé tí a fẹ́ sùn, ojú èèyàn ni wọ́n máa ń yà, wọ́n sì ti gbà láti ya ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ arìnrìn-àjò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ló máa ń fẹ́ kọ́kọ́ sinmi ọjọ́ méjì, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n fá irun, kí wọ́n tó jókòó. Ohun tó ń ba àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní ohun tí oorun òru kan ṣoṣo máa pa rẹ́: iyọ̀ òógùn tó gbẹ sí ẹ̀bá ojú, ilà tí okùn akoto fà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, eruku tó há sínú irun ìpéǹpéjú, ojú tó pọ́n nítorí atẹ́gùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú á ti wú díẹ̀, awọ ara á sì ti fara balẹ̀.

Nítorí náà, a ò tíì tú ẹrù, a ò tíì bomi sójú, tí ọ̀gá ayàwòrán fi gbé bébà kékeré kan jáde. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀dà olómi lórí bébà tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń kọ 300 gsm sí lára (gíráàmù 300 fún mítà onígun mẹ́rin kan). Wọn ò wá jíjọ nínú rẹ̀ rárá. Àwọ̀ ni wọ́n ń kó pa mọ́: ti iwájú orí tí akoto bò, ti imú tí oòrùn ti jó, ti ọrùn, ti eruku. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọ̀dà tí wọ́n pò pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kan bébà náà mọ́ ògiri níbi tí wọ́n á ti máa rí i lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ya òun bí òun ṣe rí lójú ọ̀nà, kí ó bẹ̀bẹ̀ fún irú èyí ní wákàtí tó bá wọlé, kódà bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì ń gbọ̀n.

Alẹ́ yìí náà la parí ọ̀rọ̀ owó. Ìwọ̀n kánfáàsì (aṣọ tí wọ́n ń yàwòrán sí), irú ọ̀dà, iye ìgbà tí a máa jókòó, bóyá kẹ̀kẹ́ máa wà nínú rẹ̀, ẹni tó máa ni àwòrán náà, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó yé tọ̀tún tòsì kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan kánfáàsì. Yíya kẹ̀kẹ́ lè gba àkókò tó tó ti ojú èèyàn, ó sì lè jù ú lọ, nítorí náà kò dáa kí a dúnàádúrà bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ẹ̀yìn lásán ni. A san owó kánfáàsì àti ọ̀dà, a fi ìdajì owó iṣẹ́ lé e, ìyókù di ọjọ́ tí a bá ń gbé àwòrán lọ.

Kánfáàsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, tí èkejì jẹ́ 50, la fẹnu kò sí, pẹ̀lú acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò. Ìrìn-àjò ló pinnu ìyẹn fún wa. Ọ̀dà olóróró lẹ́wà, ó sì ń fún ayàwòrán láyè láti po àwọ̀ lórí kánfáàsì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àmọ́ kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ òróró inú rẹ̀ di líle díẹ̀díẹ̀: ibi tó bá fẹ́lẹ́ lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kan, ibi tó bá nípọn lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó máa gbéra kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé kò lè ká a sínú ẹrù. Acrylic ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan. Bí ẹ bá rí i pé ayàwòrán yín kì í lo ohun mìíràn yàtọ̀ sí ọ̀dà olóróró, ẹ ṣètò bí wọ́n á ṣe fi ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn tó bá gbẹ, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n fi èédú tàbí pẹ́ńsù yà yín sórí bébà. Bébà A4 ń wọ inú àpò ẹ̀gbẹ́ káríà láàárín páálí méjì. A3 kì í sábà wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kejì: àga, fèrèsé, téèpù

Fèrèsé tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà ni ọ̀gá yàn. Ìmọ́lẹ̀ gba apá òsì wá, ó ga ju orí lọ díẹ̀, òjìji imú sì bọ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Oòrùn tó bá ń wọlé tààrà ń rìn: láàárín wákàtí kan, òjìji tí wọ́n yà láàárọ̀ kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ìdí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ìdí ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì. Ibi tí egungun ìdí ti ń tẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ti dùn, àga pákó sì máa tẹ ojú kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó jókòó á fi ara sí apá kan láìmọ̀, èjìká kan á wá sílẹ̀, ọrùn á tẹ̀ láti fi gbè é, àwòrán á sì jáde ní wíwọ́. Tìmùtìmù nìkan kò tán an. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni àpótí gíga tí a fi ìdí gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lórí igi àpótí. Itan ló gbé ìwúwo, egungun ìdí sì sinmi. Ẹ má na orúnkún ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ tán pátápátá. Ẹni tó bá ti orúnkún pa tó sì dúró gbagidi lè rí òòyì.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tún ju ti ìdí lọ. Gbogbo ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ló fẹ́ kí wọ́n ya òun níbi tí òun ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Lẹ́yìn ọjọ́ gígùn lórí òkúta, iṣan tó gba ìdí àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sí ìka òrùka àti ìka ọmọńdinrín ti gba ìyà, àwọn ìka méjèèjì á sì máa ta ṣín-ín-ṣín tàbí kí wọ́n kú. Bí wọ́n bá tún di nǹkan mú fún ogún ìṣẹ́jú láìmira, kíkú náà á padà, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ayàwòrán kò sì ní rí ọwọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. A gbé ọwọ́ òsì lé orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ láìdì í mú, ọwọ́ ọ̀tún sinmi lórí itan, àtẹ́lẹwọ́ yíjú sókè díẹ̀. Èyí tún fi ilà tí ìbọ̀wọ́ fà sí ọrùn ọwọ́ hàn, ọ̀gá sì dunnú sí i.

Ogún ìṣẹ́jú ìjókòó, ìṣẹ́jú márùn-ún ìsinmi, fóònù ló ń ka àkókò. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìsinmi gígùn pẹ̀lú omi mímu. Kí ẹ tó dìde nígbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi téèpù sàmì sí ibi gbogbo: ẹsẹ̀ àpótí, àtàm̀pàkò ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀, ibi tí táyà méjèèjì ti kan ilẹ̀, ibi tí ọwọ́ ti kan ìjókòó kẹ̀kẹ́. Téèpù aláwọ̀ kan fún èèyàn, òmíràn fún kẹ̀kẹ́. Ojú náà ní àmì tirẹ̀: ìṣó kan lára ògiri tí a ń wò. Láìsí ìṣó yẹn, ojú á máa tẹ̀ lé búrọ́ọ̀ṣì, ojú inú àwòrán kò sì ní wo ibì kan.

Èédú ni wọ́n fi fa ìlà àkọ́kọ́. Ẹ má wo kánfáàsì lónìí, kò tíì ní nǹkan kan láti sọ fún yín.

Ọjọ́ kẹta: kẹ̀kẹ́ jókòó

Òní ni iṣẹ́ tó le jù. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán tó mọ ojú èèyàn dunjú kò tíì wo kẹ̀kẹ́ rí fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ní 1896, ayàwòrán ọmọ Faransé, Henri de Toulouse-Lautrec, ya ìwé ìpolówó fún Simpson, irú ṣéènì kẹ̀kẹ́ kan, ní ilẹ̀ Faransé. Èyí tó kọ́kọ́ yà, níbi tí Jimmy Michael, ọmọ Wales tó jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré kẹ̀kẹ́, wà, wọ́n dá a padà nítorí pé ibi pẹ́dàlì àti ṣéènì kò rí bó ṣe yẹ. Ó ní láti ya òmíràn. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ sí Lautrec, tó fẹ́ràn láti máa wo eré kẹ̀kẹ́, ó yẹ kí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ran ayàwòrán lọ́wọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bi í.

Bí a ṣe gbé e kalẹ̀ nìyí. Apá ọ̀tún kẹ̀kẹ́ ló kọjú sí ayàwòrán, nítorí ibẹ̀ ni ṣéènì àti jíà wà. A fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, a sì fi rọ́bà fa ọwọ́ bíréèkì iwájú mọ́ra kó má baà yí lọ. Táyà iwájú tó bá ní àpò ẹrù lára máa ń fẹ́ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́; okùn kan láti rọ́ìmù sí férémù ló dá a dúró. Apá pẹ́dàlì ọ̀tún nà síwájú, ó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, kí pẹ́dàlì lè hàn lódindi. Ẹnu tíúbù méjèèjì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ṣọ́ ni ìyẹn: bí ẹnikẹ́ni bá sún kẹ̀kẹ́, ẹnu tíúbù á ti kúrò nísàlẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àmì mìíràn ló sì wúlò kí ọ̀sán tó pọ́n. A jáde lọ jẹun, ọmọ kékeré kan láti ilé kejì wọlé, ó sì yí pẹ́dàlì sẹ́yìn bí gbogbo ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Apá pẹ́dàlì ti lọ sókè. Àmì ṣọ́ọ̀kì tí ọ̀gá ti fà sí ara férémù ló jẹ́ kí a dá a padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bàbá ọmọ náà, tó jẹ́ káfíńtà, wá tọrọ àforíjì, ó sì mú ègé pákó méjì wá láti fi há táyà ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà kẹ̀kẹ́ kò mì mọ́.

Àpò ẹrù náà ní ìrísí. Bí ẹ bá yọ aṣọ kan nínú rẹ̀ láti sùn, yóò ró palẹ̀, ìṣẹ́po tí wọ́n yà lánàá á sì pòórá. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti kó ohun tí ẹ máa lò sínú àpò mìíràn, kí ẹ pa tí ẹ̀gbẹ́ káríà dé, kí ẹ má sì ṣí i mọ́.

Nígbà tí wọ́n ń fa ìlà, ohun mẹ́ta ni mo ní kí ẹ máa ṣọ́. Táyà tí a kò wò láti ẹ̀gbẹ́ gan-an kì í rí róbótó mọ́, ó máa ń gùn bí ẹyin, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà pẹ̀lú ọ̀pá tó la àárín táyà kọjá. Bí ìyẹn bá yẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dà bí èyí tí mọ́tò ti gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì ṣòro láti sọ ibi tí àṣìṣe wà. Èkejì ni férémù: fọ́ọ̀kì nìkan ló kan táyà iwájú. Ọwọ́ tó bá ń yára lè fa ọ̀pá kan láti ibi pẹ́dàlì lọ sí àárín táyà iwájú, kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì lè yí ọwọ́ láéláé. Ẹ̀kẹta ni ṣéènì: táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń lọ, kò ní iṣẹ́ kankan níwájú.

Sípóòkì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà, jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù sábà máa ń ní 32 tàbí 36 nínú táyà kan, wọn kì í sì í jáde láti àárín gbùngbùn. Etí họ́ọ̀bù, irin tó wà láàárín táyà, ni wọ́n ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n á sì kọ ara wọn lọ́nà kí wọ́n tó dé rọ́ìmù. Ọ̀gá wò wọ́n pẹ́, wọ́n sì pinnu láti má ya gbogbo wọn. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn nìkan ni wọ́n fà, bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, níbi tí wọ́n ti kọ ara wọn lọ́nà gan-an. Ìyókù jẹ́ eérú fẹ́lẹ́. Láti ibi tí a ti ń wò ó, ojú ló ń parí iṣẹ́ náà, táyà sì dà bí ohun tó lè yí.

Ọjọ́ kẹrin

Òjò. Ìmọ́lẹ̀ kò tó, kò sí ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún òní, ó sì ṣe pàtàkì. Nínú yàrá yìí kan náà, ọ̀gá ń fi ọ̀dà olóróró ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn, àkísà ìnubúrọ́ọ̀ṣì sì pọ̀ nílẹ̀. Ó lè wu ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ láti mú méjì nínú rẹ̀ fi nu ṣéènì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àkísà tó bá mu linseed, òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóróró, máa ń mú ooru jáde bó ṣe ń gbẹ. Bí wọ́n bá ká a jọ, tàbí tí wọ́n kì í sínú àpò, ooru náà kò ní ríbi gbà jáde, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí iná nítòsí. Ṣe ni wọ́n ń na àkísà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìta kó gbẹ, tàbí kí wọ́n rì í sínú omi.

Ọjọ́ karùn-ún: ojú

Oòrùn padà. Ọ̀gá fẹ́ kí ojú parí lónìí, nítorí pé bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ ni ojú ọ̀nà ń kúrò lára ẹni. Bébà ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò fún àwọ̀, èèyàn ni wọ́n ń wò fún ìrísí. Níbi tí méjèèjì kò bá ti bára mu, bébà ni wọ́n gbà gbọ́. Ilà akoto lórí iwájú orí ti ń parẹ́, wọ́n ṣì yà á. Àwọ̀ àyíká ojú tí awò oòrùn ti bò kò dúdú tó ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló ń sọ fún ẹni tó bá rí àwòrán pé ẹni yìí ti pẹ́ lójú ọ̀nà, kódà bí kẹ̀kẹ́ kò bá sí níbẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán kò gbọ́dọ̀ wúwo. Ara tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ ti mọ́ ọn lára láti jẹun púpọ̀, ebi náà kì í sì í dínkù ní ọjọ́ tí a bá dúró. Jẹun yó, kí o wá jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, àgbọ̀n á wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ipéǹpéjú á tẹ̀ lé e. A pín oúnjẹ náà sí méjì, a jẹ apá kan ṣáájú, apá kejì lẹ́yìn. Bí òórùn tọ́pẹ́ńtáìnì, omi tí wọ́n fi ń tú ọ̀dà olóróró, bá wà nínú yàrá, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, torí pé orí fífọ́ máa ń tètè hàn lójú èèyàn.

Iye ìjókòó yàtọ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì. David Hockney, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bíi ọjọ́ mẹ́ta nígbà tó ń fi acrylic ya àwọn èèyàn 82 lórí àga kan náà. Ambroise Vollard, oníṣòwò àwòrán, sì sọ pé ìgbà 115 ni òun jókòó níwájú Cézanne, ayàwòrán ọmọ Faransé, ní 1899, àwòrán náà kò sì parí síbẹ̀. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kò ní irú àkókò yẹn. Mẹ́ta sí márùn-ún ló yẹ kí ẹ bá ayàwòrán sọ, pẹ̀lú ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀ nítorí òjò.

Ọjọ́ kẹfà: ọwọ́

Ìjókòó ìkẹyìn. Ọwọ́ òsì lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló gba òwúrọ̀ tán. Ìka ọmọńdinrín ti jí dáadáa, kò ká mọ́, wọ́n sì tún un yà bó ṣe rí báyìí. Lọ́sàn-án, ọ̀gá ní kí a wá wò ó, kí a sọ ohun tó bá wà lọ́kàn.

Àkókò yìí gan-an ni kí ẹ sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì ṣọ́ ẹnu nípa ojú. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ní òtítọ́ kan: ọwọ́ bíréèkì gùn jù, ọ̀pá káríà kò dé ibi ìṣó rẹ̀. Ọ̀gá gba méjèèjì, wọ́n sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ojú jẹ́ ohun tí àwọn rí, tí ẹni tó ni ín kò lè rí láéláé àyàfi nínú díńgí, níbi tí ọ̀tún ti di òsì. Bí ojú yín bá ṣàjèjì sí yín nínú àwòrán, ẹ fi díńgí wò ó kí ẹ tó sọ pé kò jọ yín.

Ẹ ya fọ́tò àwòrán náà nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kó dúró gangan, láìlo iná fóònù. Bí ohunkóhun bá ṣe é lójú ọ̀nà, òun ni ẹ ó fi tún un ṣe.

Ọjọ́ keje àti ìkẹjọ

Gbígbẹ. Acrylic tó gbẹ lójú ṣì rọ̀ nínú, ibi tó bá sì nípọn nílò ọjọ́ púpọ̀ ju èyí lọ. Ọ̀gá mọ̀ pé ìrìn-àjò la wà, wọ́n ti fi ìpele fẹ́lẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Báyìí tí kẹ̀kẹ́ ti dòmìnira, a fọ ṣéènì, a pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn, a sì wo táyà fún ẹ̀gún tó kù.

Ọjọ́ kẹsàn-án: kíká

Káfíńtà yọ ìṣó, ó tú kánfáàsì kúrò lára igi rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kánfáàsì funfun ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé wọn ò gé e dànù, ibẹ̀ ni wọ́n máa dì mú láti tún un kàn.

Ojú ọ̀dà ni kó wà níta nígbà tí ẹ bá ń ká a. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, torí ọkàn ń sọ pé kí a bo ojú rẹ̀ mọ́ inú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tó wà nínú á ká jọ, á sì hun. Èyí tó wà níta á kàn nà díẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ sán, ẹnu ibẹ̀ á pa dé nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ. Páìpù funfun tí wọ́n fi ń darí omi, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11, gígùn rẹ̀ 60, ni a ká a mọ́. Bí páìpù bá tẹ́ẹ́rẹ́ ju 10 lọ, kò dáa. Bébà tí wọ́n fi sílíkóònù pa, tí wọ́n ń tẹ́ sínú páànù ìyan-nǹkan, la tẹ́ sójú ọ̀dà, lẹ́yìn náà aṣọ, lẹ́yìn náà ọ̀rá lóde pátápátá. Ẹ má fi ọ̀rá kan ojú ọ̀dà tààrà: nínú ooru, acrylic á lẹ̀ mọ́ ọn, ìṣẹ́po ọ̀rá á sì wà lójú àwòrán títí ayé.

Páìpù sùn gígùn lórí káríà lẹ́yìn ìjókòó, okùn méjì ló dì í. Ẹ má gbé e ní ìbú. Ó lè fi ẹ̀gbẹ́ gbá nǹkan. Bí ẹ bá dúró lọ́sàn-án, abẹ́ òjìji ni kí kẹ̀kẹ́ wà. Ibi tó bá tutù gan-an ní ewu tirẹ̀: acrylic tó tutù ń gan, ó sì lè sán bí ẹ bá tú u, nítorí náà kí ó kọ́kọ́ wà nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí wọ́n bá tún un kàn, àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ìṣó àkọ́kọ́ wọ̀, kí wọ́n máa lọ sí igun díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan àti èyí tó dojú kọ ọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun, ìṣẹ́po á kù láàárín, ó sì lè jẹ́ ibi tí ojú wà gan-an.